Ẹ wo ohun tí píkọ́ọ̀pù yín lè gbé kẹ́ ẹ tó ra hitch fifth wheel

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sójú ìwé, torí ó ti pẹ́ tó ti ń ká mi lára. Àwọn èèyàn wa wà tó ń fa tírélà fifth wheel, ìyẹn tírélà ńlá tí wọ́n máa ń gbé orí ẹ̀ lé hitch, irin tó ń so tírélà mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n dè mọ́ àárín bọ́dì ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí bọ́ńpà. Tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ ra hitch yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu wọn: "Ẹrù tó tó mélòó ló lè fà?" Ẹni tó ń tà á á ní eléyìí lè fa 16,000 pọ́ùn, eléyìí 20,000, tọ̀hún 25,000, wọ́n á mú èyí tí nọ́ḿbà ẹ̀ tóbi jù, wọ́n á sanwó, ó parí. Tí wọ́n bá wá bọ́ sí títì tí tírélà ń tì wọ́n nídìí tó tún ń fà wọ́n padà, tí ọrùn ń ro wọ́n, wọ́n á ní hitch yẹn ò dáa, wọ́n á tún lọ ra òmíì.

Nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sára hitch, agbára irin yẹn nìkan ló ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ dè é mọ́. Kò sí hitch kankan tó lè fi kún ohun tí píkọ́ọ̀pù lè gbé, ẹ jẹ́ kó yé wa. Fifth wheel kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ kàn ń fà tuurutu tẹ̀lé ara ẹ̀, apá tó pọ̀ nínú ìwúwo ẹ̀ ló jókòó sórí ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an, ó máa ń wà láàárín 15 sí 25 nínú 100 gbogbo ìwúwo tírélà. Ká ní tírélà yín jẹ́ 12,000 pọ́ùn pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú ẹ̀, ẹ mú 20 nínú 100, ó di 2,400 pọ́ùn tó ń tẹ hitch mọ́lẹ̀. Hitch náà wúwo fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sí 150. Èèyàn mẹ́rin tó jókòó sínú ọkọ̀, ká pè é ní 650. Àròpọ̀ ẹ̀ 3,200. Ẹ wá ṣílẹ̀kùn awakọ̀ kẹ́ ẹ wo férémù ẹ̀, ẹ máa rí sítíkà kan níbẹ̀ tó sọ pé àpapọ̀ èèyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ yìí gbé kò gbọdọ̀ kọjá iye báyìí. Tó bá jẹ́ 3,000 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ ti fi 200 pọ́ùn kọjá ààlà kẹ́ ẹ tó ju àpótí irinṣẹ́ kan ṣoṣo sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tí wọ́n fi polówó ọkọ̀ yẹn pariwo pé ó lè fa 14,000. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, ọkọ̀ yẹn lè fà á lóòótọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ló ní òun ò lè gbé e.

Ẹ má sì fọkàn tán ìwúwo òfìfo tí ilé iṣẹ́ tó ṣe tírélà kọ sínú ìwé, torí kò sí omi nínú ẹ̀, kò sí aṣọ, kò sí ìkòkò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni bátìrì àti gáàsì ò sí nínú ìṣirò yẹn rárá, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan, ẹ wo bí táǹkì ṣe tóbi tó kẹ́ ẹ fi ṣírò. Àwọn kọ́bọ́ọ̀dù àti ibi ìkẹ́rù tó tóbi jù máa ń wà níwájú tírélà fifth wheel, lókè kingpin, ìyẹn irin abẹ́ orí tírélà tó ń wọ ẹnu hitch, níbẹ̀ gan-an, nítorí náà gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kó síbẹ̀, orí píkọ́ọ̀pù ló ń bọ̀. Ohun tó dájú jù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí òṣùwọ̀n tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń lò. Ẹ kọ́kọ́ wọn píkọ́ọ̀pù nìkan tòun ti èèyàn àti hitch inú ẹ̀, ẹ wá so tírélà, ẹ tún gun òṣùwọ̀n yẹn padà ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ jẹ́ kí táyà tírélà wà nílẹ̀ lẹ́yìn òṣùwọ̀n. Ohun tó fi lé sí i nínú ìwọ̀n kejì ni tírélà gbé lé yín lẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ẹni tó ní làákàyè tó tún ní sùúrù, ló ra hitch aláfẹ́fẹ́ olówó ńlá torí wọ́n ní yóò jẹ́ kí ìrìn ẹ̀ rọ̀. Mo lọ wò ó nígbà tó so ó tán. Ìdí píkọ́ọ̀pù ti wọlẹ̀, iwájú ti gbé sókè, iná iwájú ń wo òkè bí ẹni ń wá ẹyẹ lórí igi, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, sípíríǹgì ẹ̀yìn ti tẹ́ pẹrẹsẹ, rọ́bà tó yẹ kó máa gbà á tó bá bọ́ sí gálọ́ọ̀pù ti kan ásù, ìyẹn irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kò sí àyè kankan láàárín wọn mọ́. Afẹ́fẹ́ wo ni yóò ṣiṣẹ́ níbi tí sípíríǹgì ò ti lè mira? Ẹni tó tà á fún un ò bi í léèrè irú ọkọ̀ tó ní rárá, ìyẹn ló ń bí mi nínú. Hitch aláfẹ́fẹ́ dáa o, mi ò bá a jà, ó ń gba gbígbọ̀n tó ń ti ojú ọ̀nà wá kó tó dé ẹ̀yìn èèyàn, ṣùgbọ́n ó wà fún ọkọ̀ tí ẹrù ẹ̀ ò kọjá ààlà. Ó sì máa ń wúwo ju hitch lásán lọ, tó túmọ̀ sí pé ó tún ń jẹ nínú ohun tí ọkọ̀ lè gbé. Báàgì afẹ́fẹ́ tí àwọn míì ń fi kún sípíríǹgì náà rèé, ó ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè kó tẹ́jú, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà tó wà lára sítíkà yẹn ò fi pọ́ùn kan lé.

Tí ọ̀rọ̀ ìwúwo bá ti tò, ìgbà yẹn la tó lè máa sọ̀rọ̀ ìrìn tó rọ̀, ẹnu hitch ni kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wò. Kingpin tó wà lábẹ́ orí tírélà, irin róbótó tó nípọn tó ínṣì 2 ni. Àwọn hitch kan wà tó jẹ́ pé irin pẹlẹbẹ kan ló ń sún kọjá lẹ́yìn kingpin tó ń dínà mọ́ ọn, àwọn míì ní apá méjì tó ń pàdé yí kingpin ká tí wọ́n á gbá a mú pinpin. Èyí tó ń gbá a mú yíká yìí ni mo fara mọ́, torí àyè kékeré tó bá ṣẹ́ kù láàárín ẹnu hitch àti kingpin ni tírélà ń lò láti máa gbo ọkọ̀. Ẹ tẹ bírékì, tírélà á wá síwájú gbà yín nídìí, ẹ tẹ iná, á fà yín padà, ẹ gun orí afárá tí wọ́n fi kankéré ṣe tó ní ojú oríkèé, gbà gbà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àyè tí ìka ò lè wọ̀ ni o, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́ùn ló ń sáré gba inú ẹ̀ kọjá. Tí wọ́n bá ní kingpin ìdánwò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n ti ẹnu ẹ̀ pa mọ́ ọn kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín mì í síwájú sẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń ró kọ́, kọ́, ẹ wo òmíì. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé gbígbo yìí lè wá láti ibòmíràn, bírékì tírélà tó ń pẹ́ kó tó mú, tàbí orí tírélà tó fúyẹ́ jù torí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù sẹ́yìn, tí ìwúwo tó ń tẹ hitch ò bá ti tó 15 nínú 100 ti tírélà, ìrìn ẹ̀ kì í dúró dáadáa.

Lẹ́yìn ẹnu ni orí. Orí hitch míì kì í ṣe ju kó tẹ̀ síwájú sẹ́yìn lọ, òmíì máa ń tẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì. Ẹ ra ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn tówó bá ká a. Tí ilẹ̀ ò bá tẹ́jú níbi tẹ́ ẹ ti ń so tírélà, tó jẹ́ pé táyà ọ̀tún píkọ́ọ̀pù wà nísàlẹ̀ tí tírélà sì dúró gbọn-in, èyí tí kò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ á ṣe yín bí ọṣẹ ṣe ń ṣojú, ẹ óò wakọ̀ lọ wakọ̀ bọ̀ kó tó wọlé, bó bá sì wọlé tán, nígbà tí ọ̀nà bá ń wọ́ ọkọ̀ sápá kan, irin ló máa ń lọ́ mọ́ ara wọn.

Àpótí irin tó gbé kingpin dání lábẹ́ tírélà náà wà tí wọ́n ń fi rọ́bà tàbí báàgì afẹ́fẹ́ sí. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ní hitch tó dáa tẹ́lẹ̀ tí gbígbo díẹ̀ ṣì kù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ náwó sí, ẹ má pààrọ̀ hitch.

Ọ̀rọ̀ gígùn bọ́dì ńkọ́? Bọ́dì tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 ò ní wàhálà, hitch tó dúró sójú kan tó fún un. Tó bá jẹ́ 6 àtààbọ̀ tàbí 5 àtààbọ̀, ẹ ṣọ́ra gidi, torí tẹ́ ẹ bá ń yà ní igun tó há tàbí tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀yìn rìn wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí, igun iwájú tírélà lè fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn kábíìnì mọ́ ẹni tó jókòó síbẹ̀ lórí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe hitch tó ń sún. Òmíì, ẹ óò bọ́ sílẹ̀ fa ọ̀pá ẹ̀, ẹ óò ti bírékì tírélà mú kẹ́ ẹ tó wakọ̀ síwájú kó lè sún sẹ́yìn, òmíì ń sún fúnra ẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń yí. Eléyìí tó ń sún fúnra ẹ̀ wọ́n, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n fún bọ́dì 5 àtààbọ̀ mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó gbẹ́kẹ̀ lé pé òun á rántí fa ọ̀pá ní gbogbo ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ tílẹ̀ sì ti ṣú. Wọ́n ti gé igun iwájú ọ̀pọ̀ tírélà tuntun kúrò lóòótọ́, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa wò yín nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ ní kí wọ́n de àwọn irin tó gbé hitch dúró mọ́ ṣásíìsì ọkọ̀, kì í ṣe mọ́ páànù bọ́dì lásán. Ẹ béèrè bóyá hitch yẹn yege ìdánwò SAE J2638, ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ gbé kalẹ̀, òun ni wọ́n fi ń dán irú hitch yìí wò títí dórí tírélà 30,000 pọ́ùn. Gíga ẹ̀ náà, ẹ tò ó kí tírélà tẹ́jú gbọọrọ, kó sì ku bí ínṣì 6 láàárín abẹ́ tírélà àti etí bọ́dì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á máa kanra wọn tí ọ̀nà bá ga níbì kan. Ẹ fi gírísì sí àwo orí hitch tàbí kẹ́ ẹ ra àwo ike líle tó ń wọ ara kingpin, torí irin tó gbẹ máa ń di ọkọ̀ mú tẹ́ ẹ bá ń yà.

Ọ̀kan tó kù, mo bẹ yín kẹ́ ẹ má gé e kúrò nínú lẹ́tà yìí. Ẹnu hitch lè pa dé kó má sì gbá kingpin mú, tó bá jẹ́ pé tírélà ga jù nígbà tẹ́ ẹ ń so ó, kingpin á gun orí ẹnu ẹ̀ jókòó, ẹnu á pa dé nísàlẹ̀ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dà bíi pé ó ti wọlé. Bírékì àkọ́kọ́ báyìí, orí tírélà á já lu bọ́dì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo àárín àwo hitch àti abẹ́ tírélà, kò gbọdọ̀ sí àyè tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹ wá ti bírékì tírélà mú, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì fara kan ilẹ̀, ẹ rọra fi ọkọ̀ fà á síwájú, ẹ wò ó bóyá ó dì í mú. Okùn wáyà kékeré tó ń gbá bírékì tírélà mú tí nǹkan bá já, ara ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, ẹ má so ó mọ́ hitch, torí tó bá jẹ́ pé hitch ló tú kúrò nínú bọ́dì, òun àti okùn yẹn ló jọ ń lọ, bírékì ò sì ní mú.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan tó ń fa tírélà.