Ta ló ti Macbeth?

Rónkẹ́ mi,

Òtútù Kánádà ńkọ́, ṣé ara ẹ ti ń bá a mu? Gbogbo wa wà ní Ìkòròdú, a dúpẹ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ẹ, ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Àbúrò mi fẹ́ ṣe WAEC, èmi ni mo ń bá a ka lítíréṣọ̀ lálaalẹ́, eré Macbeth tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1606 la sì ń kà. Ló bá ní, "Àǹtí, ṣebí àwọn àjẹ́ mẹ́ta yẹn ló ba ayé ọkùnrin yìí jẹ́?" Mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Àwọn àjẹ́ yẹn ò ní kó pa ẹnikẹ́ni o, wọ́n kàn ní á joyè Cawdor, á sì jọba, nígbà tí oyè yẹn wá dé lóòótọ́ lọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Banquo ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ṣáà wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ọmọ ẹ̀ á jọba, kò gbé ọ̀bẹ, ó tiẹ̀ kìlọ̀ fún Macbeth pé irú wọn máa ń sọ òótọ́ féèyàn kí wọ́n lè bà á jẹ́.

Òun àti ìyàwó ẹ̀ wá fẹ́ pa Duncan, ọba wọn, kó lè gorí oyè. Lóru tí Duncan wá sùn sílé wọn, Macbeth ti lóun ò ṣe mọ́. Ó ní ẹbí òun ni, ọba òun ni, àlejò òun tún ni, òun ló yẹ kóun tilẹ̀kùn mọ́ apààyàn. Ó sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé káwọn fi mọ síbẹ̀. Ká ní obìnrin yẹn dákẹ́ ni, ilẹ̀ ì bá mọ́ bá Duncan láyé. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀ ẹ́, kò fowó tàn án, ó kàn jẹ́ kó mọ̀ pé ojo ni, pé kì í ṣe ọkùnrin. Jagunjagun tí ẹ̀rù ogun ò bà, ọ̀rọ̀ yẹn ni ò lè gbé.

Ohun tó dùn mí jù, obìnrin náà ti dé yàrá ọba ṣáájú ọkọ ẹ̀. Ó lóun ì bá ṣe é fúnra òun, àfi pé ọba jọ bàbá òun níbi tó sùn sí. Bàbá ẹ̀, Rónkẹ́! Ó rí i, ó sì tún jẹ́ kí ọkọ ẹ̀ wọlé.

Àbúrò mi wá bi mí pé ta ló tì í tó fi ní kí wọ́n pa Banquo. Kò sẹ́ni. Kò tiẹ̀ sọ fún ìyàwó ẹ̀ mọ́. Ó ti mọ̀nà.

Mo pa ìwé yẹn dé. Ṣó o rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa, owó àjọ àwọn ọlọ́jà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó lọ fi ra ilẹ̀ n'Ígbógbó? Gbogbo ilé ló ń bú ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó mú un lọ wo ilẹ̀, èmi náà bú u dáadáa. Mi ò sọ fẹ́nì kankan rí pé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, a jọ ń jẹun, mo sọ níwájú ìyàwó ẹ̀ pé, "Bọ̀dá mi, àwọn àbúrò yín ti kọ́lé tán, ṣé ilé rẹ́ǹtì lẹ máa kú sí ni?" Kò fèsì. Ó fọwọ́, ẹ̀bà ẹ̀ ṣì kù. Lẹ́yìn ilẹ̀ yẹn ó tún mú nínú owó náà, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un.

Mi ò tíì lè bá a sọ ọ́. Jọ̀ọ́, tó o bá pè lọ́jọ́ Sunday, bá mi wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tìẹ,
Bọ́lá