Òṣùká dà?

Ọ̀rẹ́ mi,

Ọ̀kún o. Ọ̀kún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀kún òtútù. Mo gbọ́ pé yìnyín ti bo ọkọ̀ yín mọ́lẹ̀ ní Kánádà níbẹ̀ yẹn, a à ní kú sójú ọ̀nà o. Níbí ńkọ́, oòrùn ò ṣàánú ẹnì kankan, kajú ti ń pọ́n, tó o bá gba Kábbà kọjá báyìí òórùn ẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Màmá yín wà dáadáa, mo rí wọn lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní kí n bi ẹ́ ìgbà tó ò ń bọ̀, mo ní ẹ jẹ́ kí yìnyín kọ́kọ́ yọ́. Iná ò sí láti ìjẹta, bátìrì fóònù mi ti ń lọ sópin, tó bá kú lójijì mo máa parí èyí lọ́la.

Ṣé o rántí kàtúùnù tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ lóṣù tó kọjá, tó o rẹ́rìn-ín títí tó o fi jí ìyàwó ẹ? Ọ̀gbẹ́ni inú agbádá yẹn, tí ìrẹsì ń dà látinú apá agbádá ẹ̀, tí ìyá kan kúnlẹ̀ tó na bááfù sí i, tí ọ̀nà wa tó ti di kòtò wà lẹ́yìn wọn, tí mo kọ "Dìbò kó o sebẹ̀" sókè ẹ̀. Mi ò dárúkọ ọ̀gbẹ́ni, mi ò sì ní dárúkọ ẹ̀ níbí, ẹni tó bá mọ ikùn yẹn ti mọ̀ ọ́n. Pépà gbé e jáde, àwọn èèyàn ń pín in kiri lórí WhatsApp, inú mi ń dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

Àfi bí bàbá kan ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Mò ń kun síńbọ́ọ̀dù fún aránṣọ kan lọ́wọ́ (kàtúùnù ò lè bọ́ mi, o mọ̀). Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí, ọmọ 78, ọ̀kadà ló gùn wá láti Ìyàrá, ó di iṣu mẹ́ta dání, ó sì há pépà yẹn sí abíyá. Mo dọ̀bálẹ̀. Iṣu ló kọ́kọ́ gbé fún mi, ó ní "Gbà, kó o lè mọ̀ pé ìjà kọ́ ni mo bá wá." Mo ti gba èébú rí torí àwòrán, wọ́n ti halẹ̀ mọ́ mi rí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ fún mi níṣu kó tó bá mi wí, ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Ó tẹ́ pépà sórí tábìlì, ó ní ta ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbí. Mo ní olóṣèlú ni, sà. Ló bá yọ rúlà látinú àpò, rúlà onígi, ti tíṣà gan-an, ó wọn ọ̀gbẹ́ni: íǹṣì mẹ́rin àbọ̀. Ó wọn ìyá: kò pé íǹṣì méjì. Ó ní "O ya olè gàgàrà, ara ẹ̀ ń dán, o wá ya ẹni tébi ń pa sílẹ̀ bí ewúrẹ́. Èwo nínú àwọn méjèèjì làwa ń fi rẹ́rìn-ín?" Kí n tó wá ohun tí mo máa sọ, ó ti na fóònù sí mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gbẹ́ni yẹn ni, ọmọ tí bàbá kọ́ ní pírámárì, ó ti gé apá ibi tí ọ̀gá ẹ̀ wà nínú àwòrán mi, ó fi ṣe prófáìlì! Ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí. Ẹni tí mo ní mò ń tàbùkù, mo ti bá a ya fọ́tò ọ̀fẹ́.

Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, mi ò kì í tètè gbà. Mo ní kàtúùnù ò ní àyè "àmọ́ ṣá", tó o bá ní kó ṣàlàyé ara ẹ̀ ó ti kú nìyẹn. Mo wá gbé Zapiro jáde, ayàwòrán kàtúùnù ti South Africa. Mo ní ní 2006, nígbà tí Zuma, tó padà wá di ààrẹ wọn, sọ ní kóòtù pé òun lọ wẹ̀ kí kòkòrò àrùn éèdì má bàa ran òun, Zapiro gbé ṣáwà lé e lórí nínú àwòrán, ó sì ń yà á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Zuma tiẹ̀ pè é lẹ́jọ́ lórí àwòrán mìíràn tó yà ní 2008, ìgbà tó fi máa di 2012 ó ti fa ẹjọ́ ọ̀hún padà. Mo ní sà, ṣé ẹ rí i pé kò sí kàtúùnù tí ò ní dun ẹnì kan. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní "Orí ta ni ṣáwà yẹn wà?" Mo ní orí Zuma. Ó ní "Kò sí lórí àwọn tó dìbò fún un?"

Haa.

Ìyẹn náà ló mú wa dé ọ̀dọ̀ Akínọlá Láṣẹ́kàn. O mọ̀ ọ́n, ọmọ Ọ̀wọ̀, níbi tí ò jìnnà sí wa yìí, ọkùnrin tó ń ya kàtúùnù fún West African Pilot, pépà ti Zik, láti 1944, tó ń fọwọ́ "Lash" sábẹ́ ẹ̀. Bàbá ní rélùwéè ni bàbá òun ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ẹni Awólọ́wọ̀ ni tọkàntọkàn, Láṣẹ́kàn sì ń lu àwọn Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, nínú Pilot bí ẹni lu bàtá. Tí bàbá wọn bá ti wálé, níbí tá a ṣì wà lábẹ́ Àríwá nígbà yẹn, á kó pépà ọ̀hún wá, á máa bú ayàwòrán yẹn látàárọ̀, á ní ọmọ Yorùbá ni, kí ló ń ṣe lẹ́yìn Zik, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pépà yẹn di àkàrà. Mo ní ẹ ò rí i, ó ń bínú, ó sì ń rà á. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àwọn ńlá ni Láṣẹ́kàn ń dojú kọ, wọ́n ní pépà tiwọn tí wọ́n fi lè fèsì.

Ibẹ̀ ló ti wá sọ èyí tó gbé e wá gan-an. Ó dín ohùn ẹ̀ kù. Àbúrò òun obìnrin gba ìrẹsì yẹn, mùdù méjì. Opó ni, ọmọ-ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn ẹ̀. Ó rí àwòrán mi lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, ó ní "Èmi rè é." Kò bínú o, ó kàn sọ pé "Èmi rè é," ó sì ń bá ẹ̀fọ́ tó ń já lọ. Bàbá ní tí mo bá fẹ́ bá a wí, kí n wá bá a wí nílé, àwọn á gbé àga fún mi, kí n má bá a wí níbi tí ò ti lè dá mi lóhùn.

Mi ò lè purọ́ fún ẹ, mo dákẹ́ díẹ̀. Mo kun "A" kan lára síńbọ́ọ̀dù yẹn lẹ́ẹ̀mejì láì mọ̀. Nígbà tó yá mo ní sà, ẹ má bínú, tá a bá ń sọ pé tálákà ò jẹ̀bi rárá, pé ebi ló dìbò, kì í ṣe òun, a ti sọ ọ́ di ọmọdé nìyẹn, ta ló wá fẹ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn lọ́dún mẹ́rin? Bàbá mu omi. Ó ní "Ìyẹn náà wà níbẹ̀." Ibi tá a bá a dé nìyẹn, kò gbà fún mi, èmi náà ò gbà fún un. Mo ṣì gbà pé ìyá yẹn yẹ kó wà nínú àwòrán. A jẹ iṣu kan nínú mẹ́ta yẹn níbẹ̀, epo àti iyọ̀ la fi jẹ ẹ́, ó gun ọ̀kadà padà lọ.

Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ yẹn. Mo tún un yà. Ìyá ló wá ga báyìí, ó dúró, ó ru bááfù ìrẹsì, ó ń fẹsẹ̀ wá ibi tó máa tẹ̀ lójú ọ̀nà tó ti já, ọ̀gbẹ́ni wá di kékeré nínú ọ̀kan nínú àwọn kòtò yẹn, agbádá ẹ̀ ti kún fún omi ẹrẹ̀, ó ṣì ń juwọ́. Ojú ìyá ló gbà mí lásìkò jù, mi ò fẹ́ kó bẹ̀bẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó mọ́ bíi ti áńgẹ́lì. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá Tíṣà, ọkàn mi ń lù kìkì. Ó pé wákàtí méjì kó tó fèsì. Gbólóhùn kan péré: "Òṣùká dà?"

Mo wò ó, lóòótọ́ ni, mo gbé bááfù lé obìnrin lórí gbalaja! Èmi tí ìyá mi ru iṣu tọ́ dàgbà.

Mo ti fi sí i. Òun ni mo so mọ́ lẹ́tà yìí, fẹ̀ ẹ́ dáadáa lójú fóònù ẹ kó o sọ fún mi bóyá ó hàn, torí yíǹkì mi ti ń ṣan, n kò sì fẹ́ kí bàbá tún fowó ọ̀kadà ṣòfò. Kí ìyàwó ẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ ẹ, ní Kábbà