Àbẹ̀kẹ́, Dá Òwú Olówú Padà

Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kejìlá.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Mo ti pe fóònù rẹ títí ó fi sú mi, wọ́n ṣáà ń sọ pé o ti pa á. Mo ní kí àbúrò rẹ kọ nǹkan sí ọ lórí WhatsApp, ó ní kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti bébà. Awakọ̀ tó máa ń ná ọ̀nà Ìbàdàn láti Tàkíé ni mo fi rán, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi í lé, kó má kàn tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn.

Gbogbo ilé ń kí ọ. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti fúyẹ́, wọ́n ti ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìmú ọ̀pá. Omi kànga ti ń fà sẹ́yìn. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti bó, máńgòrò ẹ̀yìnkùlé sì ti ń tanná. Àwọn ará ilé tó wà ní Jos àti Èkó ti ń wọlé fún ọdún. Ilé kejì sí tiwa tí wọ́n tì pa láti èṣí, wọ́n ti ń kùn ún lọ́dà. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, ọ̀kan kú.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Mo lọ ra ata ní Tàkíé, ni ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń gbé àdúgbò rẹ ní Mọ́kọ́lá bá dá mi dúró. A kíra tán, ó ní, “Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ṣé ọmọ yín ti kó kúrò ní Ìbàdàn ni?” Mo ní rárá o, kí ló dé? Ó ní ilẹ̀kùn rẹ ti wà ní títì láti ìjelòó, pé àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń kàn án, wọ́n ń lọ. Ó ní obìnrin kan tó pọn ọmọ tuntun dúró síbẹ̀ pẹ́ nínú oòrùn, ó ń pe orúkọ rẹ. Ọmọ rẹ̀ sì sọ fún un pé rédíò ń dún nínú yàrá rẹ ní gbogbo àkókò yẹn. Mo dá a lóhùn pé o lọ ra òwú ni. Irọ́ ni mo pa, mi ò mọ ibi tí o wà.

Àbẹ̀kẹ́, ṣé inú yàrá ni o wà nígbà tí obìnrin yẹn ń kanlẹ̀kùn?

Iṣẹ́ òwú híhun tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn yìí, òun ni mo fi tọ́ ọ dàgbà, kò sí ibi tó gbà tí mi ò mọ̀. Nígbà tí o wálé lóṣù Kẹwàá, o ṣí ìwé oníbàárà rẹ hàn mí, inú rẹ ń dùn. Fìlà pupa 24 fún àwọn akọrin kan. Súwẹ́tà aláwọ̀ aró fún ọmọ ilé-ìwé mẹ́fà. Ẹ̀wù ọmọ tuntun, pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n fẹ́ fi gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kádígan ńlá fún bàbá kan tó ń bọ̀ wálé láti Kánádà, tó fẹ́ gbé e dání padà. Gbogbo rẹ̀ pátá fún ọdún Kérésì yìí, lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ dé ètè mi lọ́jọ́ náà. Mo wo bí ojú rẹ ṣe ń dán, mo bá gbé e mì. Mo ní kí Ọlọ́run fọ̀wọ́ sí i.

Híhun nìkan ni o kà, o kò ka rírán. Gbogbo ẹni tó ń gba iṣẹ́ ọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ó sọ pé súwẹ́tà kan, ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta a pé, iwájú wà lọ́tọ̀, ẹ̀yìn wà lọ́tọ̀, apá méjì wà lọ́tọ̀, okùn òwú sì ń fì kiri níbi gbogbo. Ta ni yóò rán wọn pọ̀? Ta ni yóò fi abẹ́rẹ́ ti gbogbo orí òwú wọnyẹn wọ ẹ̀yìn kó má baà tú? Ọrùn ń bẹ níbẹ̀, bọ́tìnnì ń bẹ níbẹ̀, fífọ̀ àti títẹ́ sílẹ̀ kó gbẹ ní ìwọ̀n rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Iṣẹ́ ìparí yẹn fẹ́ẹ̀ gba àkókò tó híhun. Bí o bá ní ẹ̀wù méje tí ó kù díẹ̀ kó parí, kò sí ìkankan tí o lè gbé fún oníbàárà. Parí ọ̀kan, kó kúrò nílẹ̀, kí o tó dá ojú òwú sórí abẹ́rẹ́ fún òmíràn.

Ohun mìíràn tó ń bí mi nínú, mo mọ̀ pé o ṣì ń ṣe é. O máa ń fa abẹ́rẹ́ yọ lára iṣẹ́ kan láti fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn. O ó fi okùn gba àwọn ojú náà dúró, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ padà sí i, abẹ́rẹ́ tó bá yá ọ lọ́wọ́ ni o ó mú. Abẹ́rẹ́ mílímítà 4 ni o fi hun apá ọ̀tún, 3.5 ni o wá fi hun apá òsì. Ojú kan náà, ìlà kan náà, síbẹ̀ apá òsì á fún ju ọ̀tún lọ. O kò sì ní rí i lórí abẹ́rẹ́, ìgbà tí o bá tẹ́ méjèèjì léra wọn ni. Mo ti bá ọ sọ ọ́ pé kí o máa dá ojú apá méjèèjì sórí abẹ́rẹ́ kan náà, kí olúkúlùkù ní òwú tirẹ̀, kí o máa hun wọ́n lọ pọ̀. Bí ọ̀kan bá ti parí, èkejì ti parí nìyẹn. O ní iṣẹ́ àwọn àgbà ni. Iṣẹ́ ẹni tí kò fẹ́ tú apá kan lóru ọjọ́ Kérésì ku ọ̀la ni.

Ṣé o ń jẹun ṣá? Ọrùn ọwọ́ rẹ ńkọ́, ọ̀tún tó máa ń dùn ọ́ yẹn? Bó bá ti ń ta ọ́ títí dé àtàǹpàkò, gbé iṣẹ́ sílẹ̀, na àwọn ìka rẹ, má sọ pé o fẹ́ parí ìlà kan sí i. Má sì hun òwú aró tàbí dúdú lálẹ́ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì nígbà tí kò bá sí iná. Ojú tó bá já nínú òwú dúdú, o kò ní rí i títí ilẹ̀ á fi mọ́, nígbà yẹn ó ti já bọ́ dé ìsàlẹ̀ ẹ̀wù. Alẹ́ wà fún fìlà tí kò ní àrà. Ohun tó bá gba kí o máa ka ojú rẹ̀, ọ̀sán ni kí o ṣe é. Ọmọ mi, ọwọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ máa ń le. Òwú á máa fún pọ̀, ìwọ kò ní mọ̀, ìyá ọmọ ni yóò mọ̀ nígbà tí ọrùn ẹ̀wù bá kọ̀ tí kò gba orí ọmọ rẹ̀.

Obìnrin tó pọn ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Oòrùn ọyẹ́ kì í ṣe oòrùn ọmọ tuntun.

Mo ti sọ fún ọ rí nípa ìyá àgbà ní Gánà, àmọ́ mi ò rò pé mo sọ ibi tó ṣe pàtàkì. Ní Tamale ni wọ́n ti ń hunṣọ, láàárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà nígbà náà, wọ́n pọ̀n mí. Àwọn èèyàn ń ta ẹrù wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn. Iṣẹ́ oníbàárà kún ilé ìyá mi, torí ọdún ti ń sún mọ́ nígbà náà pẹ̀lú. Wọ́n di òwú olúkúlùkù lọ́tọ̀, wọ́n ń gbé e kiri láti ilé dé ilé. Ẹni tó ti sanwó, wọ́n dá a padà fún un, nínú owó tí wọn ì bá fi wọkọ̀. Súwẹ́tà kan ti dé ìdajì. Ìyá mi kò fa abẹ́rẹ́ yọ nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e fún olówó rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjèèjì kí ẹlòmíràn lè bá a parí. Ọ̀wọ́n ni abẹ́rẹ́ nígbà yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́ láìní èyí tí wọ́n ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èmi kò ṣe tó wọn. Bóyá o rántí, bóyá o kò rántí, o ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ọdún Kérésì kan ni. Olùkọ́ kan ti san gbogbo owó súwẹ́tà ọmọ rẹ̀ fún mi, mo sì ti fi owó náà ra òwú ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta. Mo bọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, mo ní kí o lọ sọ pé màmá rẹ kò sí nílé. O lọ, o dúró níwájú rẹ̀, òwú pupa tí mo ní kí o máa ká wà lọ́wọ́ rẹ. O sọ ọ́ geere. Ó bi ọ́ pé ìgbà wo ni màmá máa dé, o ní ó di alẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Nígbà tí o wọlé padà, mo gbà ọ́ mọ́ra. Mo fún ọ ní bisikíìtì, mo pè ọ́ ní ọmọ dáadáa.

Láti ìgbà tí ìyá yẹn ti bá mi sọ̀rọ̀ ní Tàkíé, bisikíìtì yẹn ni mò ń rò. Mo lè sọ fún ọ pé kí o má gba iṣẹ́ jù, mo lè bá ọ wí nítorí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìwà ká tilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà, ilé mi ni o ti kọ́ ọ. Olùkọ́ yẹn kò bú mi. Ó ṣì ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì dòní. Kò gbéṣẹ́ fún mi mọ́ láéláé, kò sì sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà gbèsè kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Gbèsè ṣe é san. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí ó mọ́ ọ lára láti máa jókòó sínú yàrá, kí o yí rédíò sílẹ̀, kí o máa fetí sí ẹni tó ń pè ọ́.

Ìwọ gbọ́ ohun tí o ó ṣe. Àwọn akọrin ni kí o kọ́kọ́ bá, torí àwọn ló pọ̀ jù, àwọn nìkan ló sì lè rí nǹkan mìíràn wọ̀ bí wọ́n bá tètè mọ̀. Sọ iye fìlà tó ti parí fún wọn, kí wọ́n pinnu. Bí wọ́n bá ní kí o máa bá a lọ, wo nọ́ńbà aró tó wà lára bébà òwú kí o tó ra kún un, má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà sọ fún ọ pé pupa ni gbogbo pupa; bí wọ́n bá dúró lórí ìlà kan náà nínú iná ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ ló máa rí i. Kádígan bàbá Kánádà, dá a padà, òwú àti owó. Iṣẹ́ ńlá ni, o kò tíì dé apá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kò wọlé títí di oṣù Kíní, bẹ àwọn ìyá wọn, dá ọjọ́ fún wọn, kí ọjọ́ náà jẹ́ èyí tí o lè mú ṣẹ. Ẹsẹ̀ rẹ ni kí o fi lọ bá wọn, má fi fóònù ṣe é.

Bí o bá ti ná àsansílẹ̀ wọn, sọ iye rẹ̀ fún mi. Má ṣe gba iṣẹ́ tuntun láti fi owó rẹ̀ ra òwú iṣẹ́ àtijọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kó sínú wàhálà. Èmi ni mo ń kó àjọ níparí oṣù yìí, bàbá rẹ kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, kò sì dìgbà tí wọ́n bá gbọ́. Má sunkún lórí rẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ bíi tìrẹ, tí àwọn èèyàn ń du láti gbéṣẹ́ fún, kì í ṣe ọ̀lẹ, n kò sì fìgbà kan rò pé o ń jalè. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún gbọ́ pé ìyá ọlọ́mọ dúró nínú oòrùn nítorí rẹ, èmi fúnra mi ni mo máa wọ ọkọ̀ wá sí Mọ́kọ́lá.

Ẹ̀wù ọmọ tuntun àti ṣọ́ọ̀lù funfun, kó méjèèjì fún mi. Ojú mi ṣì gbé òwú funfun dáadáa lọ́sàn-án, mi ò sì ní iṣẹ́ kankan nílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ bá ìyá ọmọ náà kí o tó kó o wá, sọ fún un pé ìyá rẹ ni yóò bá ọ parí rẹ̀, kí o sì wọn orí ọmọ náà lákọ̀tun torí ó ti dàgbà sí i láti ìgbà tí o ti wọ̀n ọ́n.

Láfún àti irú wà nínú àpò tí awakọ̀ gbé dání, pẹ̀lú ata gígún. Ro àmàlà kí o jẹ ẹ́ lónìí, kí o tó jáde. Awakọ̀ náà kò ní kúrò ní Ìbàdàn títí di ọ̀la, òun ni kí o kó òwú náà fún. Má fa abẹ́rẹ́ yọ lára rẹ̀. Kọ nọ́ńbà abẹ́rẹ́ àti iye ìlà tí o dúró sí sórí bébà, kí o so ó mọ́ ọn. Kí o sì tan fóònù rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.