Lẹ́tà sí Màmá Ebúté Mẹ́ta: Johnson wo ni tiwa?

Màmá mi,

Àlùmánáákì ìrántí yín ti jáde. Àwòrán yín dáa, aṣọ òfì yẹn ló wà lára yín. Ṣùgbọ́n Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìtàn Yorùbá, ni Bọ̀dá Àgbà gbé sókè orí yín, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé "Baba Ńlá Wa".

Ẹ bá mi dá a lẹ́jọ́. Ta ló lè ka Johnson tó wà ní Freetown ní Sierra Leone láyé ọjọ́un tán? Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, ibẹ̀ ni wọ́n kó wọn lọ. Orúkọ wọn bí etí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ, ọjọ́ orí, gíga àti ilà ara ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn, níbi ìrìbọmi, ni orúkọ òyìnbó dé. Àwọn kan tilẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ sí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, láti England kí wọ́n lè fi orúkọ wọn sọ ọmọ. Àjàyí gan-an, orúkọ àlùfáà kan ní London ni wọ́n fún un ní 1825 tó fi di Crowther. Samuel Johnson ní ìran Aláàfin Abíọ́dún lòun. James Johnson tó di bíṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ará ilé rẹ̀. G. W. Johnson, tó fẹ́ tún ìjọba Ẹ̀gbá tò ní Abẹ́òkúta ní 1865, tún yàtọ̀.

Bọ̀dá Àgbà ní ẹ̀rí wà: ìwé ìrìbọmi Bàbá Àgbà. Mo kà á. Níbi iṣẹ́ bàbá ọmọ, "káfíńtà" ni wọ́n kọ. Káfíńtà wo ló kọ ìtàn Ọ̀yọ́?

Ẹ̀yin náà mọ̀. Ọjọ́ ìsìnkú Bàbá Àgbà, ẹ kúnlẹ̀ ti pósí, ẹ bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀pọ́múléró, mọjà-àlekàn..." Bàbá mi wò yín lẹ́ẹ̀kan, torí àwọn àlùfáà ń wọlé bọ̀. Ẹ gbé e mì. Ẹ dìde, ẹ gbọn eruku orúnkún, ẹ dá orin ìjọ. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń sun rárà, ńṣe ni mo máa ń dúró, bóyá wọ́n á bá mi parí rẹ̀. Ta ló ń ki ọmọ Aláàfin ní Ọ̀pọ́múléró? Mo bi yín ní kíṣìnì lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ní kí n lọ sùn. Mo dàgbà, mo tún bi yín. "Johnson ni wá, ó tó." Kò tó, Màmá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi orí ẹja pamọ́ dè mí, oríkì lẹ wá fi pamọ́ fún mi?

Ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ́kọ. Sátidé ni ìdána, alága ìjókòó sì ń béèrè oríkì ilé wa. Bọ̀dá Àgbà ti fi ti Aláàfin ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Mo ní rárá, ó ní mo fẹ́ ba ọjọ́ ọmọ jẹ́. Kò gbé fóònù mi mọ́, òun ló sì ṣèlérí owó kánópì àti àga. Ìyàwó mi ní kí n panu mọ́: ẹni tí wọn ò tíì san owó oṣù rẹ̀, kí ló kàn án pẹ̀lú òkú ọ̀run?

Mo ṣáà pe alága. Mo ní Ọ̀pọ́múléró ni kó ki wá. Ó ní kò burú, kí n ka ìyókù fóun. Ti gbogbo ayé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tiyín, èyí tó dárúkọ bàbá káfíńtà yẹn bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, kò sí níbì kankan. Fóònù mi wà lápò lọ́jọ́ tí mo dàgbà tí mo tún bi yín. Ẹ bá jẹ́ kí n gbà á sílẹ̀.

Ọmọ yín ni.