Lẹ́tà Sí Àbúrò Mi Ní Houston, Lórí Ọ̀rọ̀ Ọya

Àbúrò mi,

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mi ò pè ẹ́. Mo ti pè ẹ́ títí. Tí mo bá sì fi ohùn ránṣẹ́ lórí wásáàpù, wàá ní o wà níbi iṣẹ́, o máa gbọ́ ọ tó o bá délé, tó o bá délé o ti sùn nìyẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Kà á tán o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ obìnrin pè mí. Òun fúnra ẹ̀ o, kì í ṣe pé ìyá ẹ̀ ti fóònù sí i létí pé ó yá, kí àǹtí ẹ. Mo wà lọ́jà Agbálátà ní Àgbádárìgì níbí, mo ń ná àgbọn lọ́wọ́, àyà mi já, torí ọmọ ọ̀hún kì í déédéé pe èèyàn. Ó ní kò sí nǹkan, òun kàn fẹ́ mọ ẹni tí Ọya jẹ́ ni.

Ọya! Níwájú alágbọn!

Mo ní òrìṣà ni, ìyàwó Ṣàngó. Ó ní òun ti rí ìyẹn lórí Google, kí ló ń ṣe gan-an, ṣé lóòótọ́ ni pé òun àti òkú jọ ń rìn. Àbúrò mi, gbogbo ohun tí mo mọ̀ tán síbẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, tí mò ń pariwo dò-rè-mí ní kíláàsì láràárọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n délé kí n bi Màámi.

Ìwé kan ló kà, Children of Blood and Bone, Tomi Adeyemi ló kọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ ọ́ fún. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Zélie, ọba burúkú kan ti pa ìyá ẹ̀ mọ́ àwọn tó ní agbára, òun wá fẹ́ dá agbára yẹn padà, ọmọ Ọya sì ni. (Ẹ̀gbọ́n Zélie ń jẹ́ Tzain, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é títí di ìsinsìnyí.) Tí wọ́n bá fẹ́ lo agbára yẹn, Yorùbá ni wọ́n fi ń pe ọfọ̀ ẹ̀. Ọmọ ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n bá òun ka àwọn ọfọ̀ náà sókè kóun gbọ́ bó ṣe ń dún, òun náà kọ́kọ́ ka tiẹ̀ fún mi. Ẹ̀rín pa mí débi pé omi ń bọ́ lójú mi, ìgbà tó yá mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín náà ló ṣì ń fa omi yẹn.

Mo yá ìwé náà lọ́wọ́ kọ́pà kan tó ń bá wa kọ́ni, mo sì lọ tú ìtàn obìnrin tó kọ ọ́ wò, gbogbo dátà mi ló gbé jẹ. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1993, ẹ̀gbẹ́ Chicago ló dàgbà sí. Dókítà ni bàbá ẹ̀ nílé níbí, ó dé ọ̀hún ó ń wa takisí títí ìwé ẹ̀ fi dúró, ìyá ẹ̀ ń bá wọn tọ́jú ilé. Ṣé kò jọ ìtàn ẹnì kan tí mo mọ̀, tó fi ọdún méjì wẹ àwọn arúgbó kó tó di nọ́ọ̀sì? Ibi tó wá kàn ẹ́ nìyí: àwọn òbí ẹ̀ ò kọ́ wọn ní Yorùbá. Bí ìwọ gan-an.

Ọmọ yẹn mọ̀wé o. Ó jáde ní Harvard lọ́dún 2015, lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kà. Wọ́n wá fún un lówó ìwádìí, ó lọ sí Salvador, ní Bahia, ní Brazil. Òjò lé e wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan fún àlejò, ló bá rí àwòrán àwọn òrìṣà lára ògiri. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Jọ̀ọ́, rò ó wò. Ọmọ Adéyẹmí. Ó wọ bàálù ní Amẹ́ríkà, ó lọ sí Brazil, òjò pa á, kó tó pàdé Ọya. Àwọn tó sì gbé Ọya dé Brazil yẹn, etíkun wa níbí làwọn míì nínú wọn ti lọ, erékùṣù Gbẹrẹfú ni wọ́n kó wọn gbà, lórí iyanrìn tí ìwọ àti èmi máa ń lọ ṣe Àjíǹde sí, tí a máa ń jẹ súyà tí a máa ń ju igi ẹ̀ sómi. Físà lo gbà lọ ní tìẹ, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi kó tiwọn, wọ́n ṣì rántí.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ báyìí. Wàá ní ṣebí kò gbọ́ Yorùbá, òun náà ló di olówó yẹn. Òótọ́ ni, mi ò jà. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ ò rẹ́ni gbà á. Èyí, ó tún un kọ nígbà 45 kó tó jáde lóṣù kẹta ọdún 2018, ó sì bọ́ sí ipò kìíní nínú àwọn ìwé ọ̀dọ́ tó ń tà jù tí New York Times máa ń tò, wọ́n ti ra ẹ̀tọ́ fíìmù ẹ̀ kí ìwé gan-an tó dé ọjà. Èkejì dé ní ìparí 2019, ẹ̀kẹta ní 2024. Ìwé ìròyìn Time kà á mọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn ńlá lọ́dún 2020. Fíìmù náà, Gina Prince-Bythewood ló darí ẹ̀, Thuso Mbedu ọmọ South Africa ló ṣe Zélie, Viola Davis náà wà níbẹ̀. Torí náà mi ò ní parọ́ fún ẹ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè bàbá ẹ̀ ò lè là. Ó là. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohun tó wá lọ sí Brazil yẹn, ẹnu bàbá ẹ̀ ló wà, nínú pálọ̀ wọn, gbogbo ìgbà tí bàbá náà bá ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò kàn kọjú ẹ̀ sí ọmọ ni.

Mi ò fẹ́ dá ẹ lẹ́bi tán ṣá. Ṣó o rántí fànákúlà, orúkọ tí tíṣà máa ń pe Yorùbá tá a bá sọ ọ́ ní kíláàsì? Ṣó o rántí páálí tí wọ́n máa ń fi kọ́ wa lọ́rùn ní súkúù tá ò ní dárúkọ yẹn? Ọjọ́ tó o sọ pé inú ń run mí tí tíṣà gba náírà márùn-ún lọ́wọ́ ẹ, ìgbà kejì o dákẹ́ torí o ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lóyìnbó, lo bá ṣu sára. Èmi ni mo fọ ṣòkòtò yẹn. Tó o bá ju òkúta láti súkúù yẹn, ó máa ba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ibi tí wọ́n ní Àjàyí Crowther ti jókòó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Wọ́n á kó wa lọ wo Bíbélì náà, tá a bá padà dé wọ́n á na ẹni tó bá sọ èdè tó wà nínú ẹ̀. Èmi náà ńkọ́? Àwọn ọmọ tèmi, níbí ní Àgbádárìgì, òyìnbó ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà.

Nǹkan míì. Ní ẹ̀yìn ìwé yẹn, Tomi sọ ìdí tó fi kọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá tó ń yìnbọn pa èèyàn dúdú ni. Ó dárúkọ àwọn ọmọdé, Tamir Rice wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 12 tó ń fi ìbọn ìṣeré ṣeré ní Cleveland lọ́dún 2014. Ọmọ ẹ ní òun ka ibẹ̀ sétí àbúrò òun ọkùnrin. Ọdún mélòó ni ìyẹn pé báyìí? Ó ní kí n má sọ fún ẹ pé àwọn ń ka irú ẹ̀. Mo ti sọ.

Ó wá ku ti Màámi. Mo rò pé wọ́n á ní kí n lọ gba ààwẹ̀, pẹ̀lú bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe wọ̀ wọ́n lára tó. Wọ́n kàn tú gèlè, wọ́n jókòó. Wọ́n ní Ọya ni ìyá ìyá àwọn ń bọ. Àbúrò mi, ọdún 46 tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ rí! Wọ́n ní òun ló ni ẹ̀fúùfù tó máa ń ṣáájú òjò, òun ló ni odò Ọya, ó máa ń gbé awọ ẹfọ̀n wọ̀ á di ẹfọ̀n, wọn kì í jẹ ẹran àgùntàn nílé náà. Wọ́n ní Ìyáńsàn-án ni wọ́n ń kì í, torí ọmọ mẹ́sàn-án. Mo tẹ ìyẹn ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ, kò pé ìṣẹ́jú kan ó dá mi lóhùn pé Iansã ni wọ́n ń pè é ní Brazil. Mo kà á sí Màámi létí. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Wọn ò tiẹ̀ yí i padà."

Wọ́n ní ìwé náà dáa, àmọ́ kí n bá àwọn bi ẹni tó kọ ọ́ pé Ìlọrin wo ló wà lórí òkun. Torí nínú ìwé yẹn, Ìlọrin léfòó sórí omi ni, ẹja ni wọ́n ń pa. Mo ní Màámi, àròsọ ni. Wọ́n ní kí àròsọ náà gbé e wá sí Àgbádárìgì jàre, omi pọ̀ níbí.

Ìgbà tá a wá pe ọmọ náà ní fídíò, Màámi kí i, wọ́n ní "Àbẹ̀kẹ́". Ọmọ ẹ wo ẹ̀yìn ara ẹ̀, ó ní ta ni ìyẹn.

O ò sọ fún un pé ó ní oríkì.

Màámi ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa, mẹ́wàá àárọ̀ tiyín, àwọn á máa pè é. Wọ́n ní kó o gbé fóònù fún un, kó o sì jáde nínú yàrá, torí tó o bá ti wà níbẹ̀ wàá máa túmọ̀.

Má fi owó dátà ránṣẹ́. Ìwé kejì àti ẹ̀kẹta yẹn ni kó o fi ránṣẹ́, ọmọ ẹ kọ̀, ó ní òun ò ní sọ bó ṣe parí fún mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ẹ