Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ Lórí Skyrmion Tó Ń Yà Kúrò Lójú Ọ̀nà

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara rẹ le nínú òtútù Jámánì. Ohun tí o kọ sí ìparí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè sùn lánàá: o ní bí o bá ti fi iná mànàmáná ti àwọn skyrmion rẹ, àwọn ìdì òòfà kéékèèké yẹn, síwájú, àwọn kan ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, o sì ń rò ó láti kọ kìkì àwọn tó lọ tààrà sínú ìjábọ̀ rẹ. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí o kọ́kọ́ ṣàlàyé skyrmion fún mi, ṣùkú tí mo máa ń dì fún ọ ní àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo rántí, tí irun ti ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ láti etí títí gbogbo rẹ̀ fi pàdé ní àtàrí. Bẹ́ẹ̀ ni òòfà kéékèèké inú átọ́ọ̀mù ṣe tò: àwọn tó wà létí kọjú sókè, èyí tó wà láàárín gan-an kọjú sílẹ̀, àwọn tó kù sì ń yí díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn láìsí ibi tó já. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè tú, tí àwọn èèyàn sì fi rò pé a lè fi pa dátà mọ́: níbi tí skyrmion bá wà, a ka ení, níbi tí kò bá sí, a ka òdo.

Ọ̀nà yìí jìn. Àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Bogdanov àti Yablonskii, ti fi ìṣirò rí i ní 1989, ṣùgbọ́n 2009 ni àwọn olùwádìí mìíràn tó rí i ní ojúkojú nínú manganese silicide, àdàlù manganese àti silicon, ní Garching, lẹ́bàá Munich, nínú òtútù tí kò tó kelvin 30 (kelvin òdo ni òtútù tó ga jù lọ). Ní 2013, àwọn ará Hamburg kọ skyrmion ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pa á rẹ́, ní kelvin 4.2.

Yíyà tí o rí yẹn kì í ṣe àṣìṣe ọwọ́ rẹ. Bí skyrmion ṣe yí po ló ń gbé e yà nígbà tí iná bá ń tì í, ó sì lè kọlu etí ojú ọ̀nà kí ó parẹ́ pẹ̀lú dátà tó gbé. Ní 2017, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, tí àwọn ará Mainz wà nínú ọ̀kan, fi àwòrán hàn pé ó ń yà lóòótọ́, àti pé bí eré rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni igun yíyà náà ń fẹ̀ sí i. Òye yíyà yìí náà ló mú kí àwọn mìíràn máa to ìpele òòfà méjì tó kọjú síra lódìkejì léra, kí ọ̀kan fà sọ́tùn-ún, kí èkejì fà sósì, kí wọ́n lè jọ lọ tààrà.

Ìwọ náà wá rò ó wò: ó ṣeé ṣe kí àwọn tó lọ tààrà lọ́dọ̀ rẹ jẹ́ àwọn tí eré wọn kò pọ̀, tí àbùkù inú ohun èlò náà ń dì mú. Bí o bá yọ àwọn yòókù, kò sẹ́ni tó máa lè mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Kí o tó fi ìjábọ̀ náà sílẹ̀, ya àwòrán kan fún mi, kí eré skyrmion kọ̀ọ̀kan wà nísàlẹ̀, kí igun tó fi yà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, má sì yọ ẹyọ kan kúrò. N óò fẹ́ kí ó wà níwájú mi nígbà tí a bá jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Èmi ni,
Ìyá rẹ