Lẹ́tà sí Olóòtú: Ohun tí ẹ kò sọ nípa ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ gba oyè másítà nínú ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn àti forensic psychology, ìyẹn ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì tó ń bá ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣiṣẹ́. Inú mi dùn pé ẹ fún un láyè, torí òun ni mo kà, òun náà ni mo sì fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ka ẹ̀kọ́ yìí yóò lè “ka inú apànìyàn bí ẹni kàwé”. Àbúrò mi obìnrin tó ń múra àtiwọlé fún oyè kejì ló mú ìwé ìròyìn náà wá bá mi, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lóòótọ́ lẹ lè wo èèyàn lójú kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé òun ló ṣe é?” Mo ní rárá. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Òun nìkan kọ́ ló ka ìwé ìròyìn yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a wọ kíláàsì, ọkùnrin kan já wọlé bí olùkọ́ wa ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó gbé àpò kan lórí tábìlì, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Olùkọ́ wa kò lé e. Ó pín bébà fún wa, ó ní kí kálukú kọ ohun tó rí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ̀wù búlúù ló wọ̀ àti pé ó dé fìlà. Nígbà tí wọ́n fi fídíò rẹ̀ hàn wá, ẹ̀wù eérú ló wà lọ́rùn rẹ̀, orí rẹ̀ sì ṣófo. Kò sí ẹni méjì nínú wa tí àkọsílẹ̀ wọn bára mu délẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mi ò purọ́. Mo rí fìlà yẹn. Ká ní ilé ẹjọ́ la wà ni, màá gbé ìwé mímọ́ sókè, màá sì búra pé mo rí i.

Ní 1974, àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì méjì, Elizabeth Loftus àti John Palmer, fi fíìmù ọkọ̀ tó kọlu ara wọn han akẹ́kọ̀ọ́ 45, wọ́n wá bi wọ́n bí eré tí àwọn ọkọ̀ náà ń sá ṣe tó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń pààrọ̀ nínú ìbéèrè náà. Àwọn tí wọ́n bi pé eré mélòó ni ọkọ̀ ń sá nígbà tí wọ́n rún mọ́ra wọn wómúwómú dáhùn pé nǹkan bíi máìlì 40.8 ní wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n bi pé nígbà tí wọ́n gbá ara wọn ńkọ́, wọ́n ní 34. Fíìmù kan náà ni o. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú èèyàn 150, wọ́n pè wọ́n padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà. Síbẹ̀, èèyàn 16 nínú àwọn 50 tó gbọ́ “rún mọ́ra wọn” ló ní àwọn rí i, nígbà tó jẹ́ 7 péré ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú 50 tó gbọ́ “gbá ara wọn”. Ẹnu ọlọ́pàá tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lè tipa báyìí gbin nǹkan tí kò ṣẹlẹ̀ sínú orí ẹlẹ́rìí, kí ẹlẹ́rìí náà má sì mọ̀ títí ayé.

Ọdún tó lé ní 10 ni Ronald Cotton fi jìyà irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Ní 1984, ní ìpínlẹ̀ North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹnìkan já wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Obìnrin náà láyà, ó tẹjú mọ́ onítọ̀hún, ó ń há gbogbo àmì ojú rẹ̀ sórí kó lè dá a mọ̀ bí ẹ̀mí òun bá yè. Ó mú fọ́tò Cotton nínú èyí tí àwọn ọlọ́pàá fi hàn án. Nígbà tí wọ́n to àwọn ọkùnrin síwájú rẹ̀, ó tún mú un, wọ́n sì sọ fún un pé ẹni tó mú nínú fọ́tò náà nìyẹn. Bí ojú Cotton ṣe gba ipò ojú ẹni tó ṣe é nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní 1987, wọ́n mú ẹni tó ṣe é gan-an wá síwájú rẹ̀. Ó wò ó, kò dá a mọ̀. Àyẹ̀wò DNA, ìyẹn àmì inú ara tó ń fi ẹnìkan hàn yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, ló tú Cotton sílẹ̀ ní 1995. Obìnrin yẹn kò ṣe àrankàn, ó ṣe gbogbo ohun tí èèyàn lè ní kí ẹlẹ́rìí rere ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí kíka inú apànìyàn gan-an. Ní 1992, ẹnìkan gún Rachel Nickell pa ní Wimbledon Common, nílùú London, lójú ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré. Àwọn ọlọ́pàá ní kí onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì kan ṣàpèjúwe irú ẹni tó lè ṣe é. Lójú wọn, Colin Stagg bá àpèjúwe náà mu. Wọ́n wá ní kí ọlọ́pàábìnrin kan ṣe bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, kó máa kọ lẹ́tà sí i, kó máa tì í títí yóò fi jẹ́wọ́. Kò jẹ́wọ́ rárá. Síbẹ̀ wọ́n gbé e, ó sì lò ju ọdún kan lọ ní àtìmọ́lé kí adájọ́ tó da ẹ̀rí náà nù ní 1994. Ọkùnrin mìíràn, Robert Napper, ni ẹni tó pa Nickell. Bí gbogbo ojú ṣe wà lára Stagg, Napper tún pa obìnrin mìíràn àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin ní 1993. Ọdún 2008 ló tó gbà nílé ẹjọ́ pé òun lòun pa Nickell. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la lò lórí ẹjọ́ yìí. Lójú tèmi, kò sí ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí kọ́kọ́ gbọ́ jù ú lọ.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀rọ̀ irọ́, ojú kì í sọ púpọ̀. Ní 2006, àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì méjì, Bond àti DePaulo, kó àwọn ìwádìí jọ tí èèyàn tó lé ní 24,000 ti gbìyànjú láti mọ ẹni tó ń purọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọ òótọ́. Ìgbà 54 péré nínú 100 ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kàn ń sọ owó ẹyọ sókè láti fi mú ọ̀kan nínú méjèèjì pàápàá yóò mọ 50.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé kí ni ìṣirò ń wá nínú iṣẹ́ yìí, torí ìṣirò ló ń lé ọ̀pọ̀ sá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ bá mi rò ó báyìí. Ká ní ẹlẹ́wọ̀n 1,000 wà tí wọ́n fẹ́ tú sílẹ̀, 50 nínú wọn ni yóò sì padà lọ ṣe èèyàn léṣe. Ká ní irinṣẹ́ tí mo fi ń díwọ̀n ewu kì í ṣìnà ní ìgbà 90 nínú 100, ì báà jẹ́ lórí ẹni tó máa ṣe èèyàn léṣe tàbí lórí ẹni tí kò ní ṣe é. Yóò mú 45 nínú àwọn 50 yẹn. Ṣùgbọ́n nínú 950 tí kò ní ṣe nǹkan kan, yóò fẹ̀sùn kan 95. Lápapọ̀, èèyàn 140 ni màá pè ní eléwu, 95 nínú wọn kò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe láé. Irinṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ gan-an ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ọkùnrin kan bá jókòó síwájú mi, tó ń fi ọwọ́ nu ojú, tó ń sọ pé òun ti yí padà, ìṣirò yìí ló ń jẹ́ kí n rọra mú bírò. Ìròyìn tí mo bá kọ, ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ẹni tó máa lọ sílé ló ń gbé e yẹ̀ wò. Mo ti kọ ọ̀pọ̀ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi ṣì ń wúwo tí mo bá dé ojú ìwé tó kẹ́yìn.

Apá ti ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn nínú kọ́ọ̀sì yìí, tí àwọn kan ń rò pé kò ju àfikún lọ, ló ń gba sáíkọ́lọ́jì lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá kan: àṣìṣe kí a rò pé inú ẹni kọ̀ọ̀kan nìkan ni ọ̀ràn ti ń wá. Dókítà kan, Cesare Lombroso ti Ítálì, ló gbé ìwé jáde ní 1876 pé a lè fi ìrísí orí àti ojú dá ẹni tí wọ́n bí ní ọ̀daràn mọ̀. Ní 1913, Charles Goring, dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n, gbé àbájáde ìwádìí jáde, ó wọn ẹlẹ́wọ̀n bíi 3,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì rí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ní 1939, Edwin Sutherland, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ọmọ Amẹ́ríkà, béèrè ìdí tí àwọn onímọ̀ fi ń tẹjú mọ́ olè tálákà nígbà tí àwọn ọ̀gá tó wọ kóòtù òun táì ń jí owó ńlá nínú ọ́fíìsì wọn. Ẹni tí kò bá ka àwọn wọ̀nyí yóò jókòó sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, yóò máa wo àwọn tí wọ́n kó wá síwájú rẹ̀, yóò sì rò pé àwọn nìkan ló ń ṣẹ̀.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti gba másítà yìí ti di onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Ní Ìlú Ọba, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti pe ara rẹ̀ ní forensic psychologist àfi kó wà lórí àkọsílẹ̀ Health and Care Professions Council, àjọ tó ń ṣe àbójútó àwọn oníṣẹ́ ìlera níbẹ̀, ọdún iṣẹ́ lábẹ́ àbójútó sì ń bẹ lẹ́yìn másítà. Ní Amẹ́ríkà, oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n sábà máa ń béèrè kí láísẹ́ǹsì tó jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ orúkọ yìí ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì fọwọ́ sí. Èmi kò mọ̀. Sosiọ́lọ́jì ni mo kà fún oyè àkọ́kọ́, ẹni tó gbà mí wọlé sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé kò séwu. Ìgbà tí mo parí ni mo tó gbọ́ pé mo ní láti padà lọ ka sáíkọ́lọ́jì fún ọdún kan sí i kí ẹnikẹ́ni tó lè gbà mí sábẹ́ àbójútó. Ó dùn mí gan-an, torí ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá gbà mí: ta ló fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì yìí, iṣẹ́ wo ló sì ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá parí rẹ̀? Kí àwọn ọ̀dọ́ béèrè kí wọ́n tó sanwó. Iṣẹ́ wà fún ẹni tí kò fẹ́ gba láísẹ́ǹsì náà: ìwádìí, ìtọ́jú àwọn tí wọ́n ṣe léṣe, ìtọ́sọ́nà àwọn tó ń jáde lẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ gidi ni gbogbo wọn, ẹ ò sì dárúkọ ọ̀kan.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan tó kù, ẹ̀yin gan-an ló sì kàn. Ní ojú ìwé tó kọjú sí àpilẹ̀kọ yẹn lọ́jọ́ náà, ẹ gbé fọ́tò ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọlọ́pàá mú, ẹ kọ “Ó Ti Jẹ́wọ́” sórí rẹ̀ gàgàrà. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n dá lẹ́bi lórí bọ́ǹbù tó bú gbàmù nílùú Guildford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́wọ́ níwájú ọlọ́pàá. Ọdún 1989 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ̀wọ̀n fún nǹkan bí ọdún 15 lórí ohun tí wọn kò ṣe. Gísli Gudjónsson, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ní Iceland kó tó di onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé bí àárẹ̀, ìbẹ̀rù àti ìdánìkanwà ṣe ń mú aláìṣẹ̀ sọ pé òun ṣe é. Ẹ̀yin kò tíì mọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ìjẹ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹlẹ́rìí kan wá dá a mọ̀ lọ́la, ẹlẹ́rìí náà á ti rí ojú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dá fọ́tò irú àwọn bẹ́ẹ̀ dúró títí ilé ẹjọ́ yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n